Ta Ló Yí Kànga Ciarnait Ká Sódì?

Èmi ni mo gbé òkúta orí ibojì àwọn òmìrán tó wà lókè Carnamona padà sí àyè rẹ̀. Òkúta yẹn wúwo ju ogójì màlúù lọ, kí gbogbo màlúù náà sì lóyún ìbejì. Èjìká òsì ni mo fi gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò ráyè, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há láàrin ló wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe gbé òkúta náà kúrò, òkú tó wà nísàlẹ̀, tó ti ń sùn láti ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún, gbórí sókè, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tètè bò ó padà, òtútù ń mú òun.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì gan-an nìyẹn, èèyàn mẹ́rìnlá ló sì gbọ́ ọ. Òótọ́ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó tòògbé.

Jarlath Quilty lorúkọ mi. Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ onírìn-àjò Sátidé ní ìlú wa, Kiltarsna. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, Sátidé kan kì í kọjá ká má di fíláàsì tíì wa, ká wọ bàtà òjò, ká sì gba ọ̀nà ibi àtijọ́ lọ. Ibojì ni o, kànga mímọ́ ni o, ahoro ilé àwọn mọ́ńkì ni o. Ohun yòówù tó bá ti wó tí àgùntàn sì ń sùn nínú rẹ̀, a ó lọ wò ó, a ó mi orí, a ó mu tíì, a ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe. Mo ń wakọ̀, mo sì ń sọ ìtàn. Ẹgbẹ́ ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àrọ, ẹni tó bá sì gbé e kọ́rùn ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dákẹ́ fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan ṣoṣo lónìí: mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn ju ìyàwó tí n kò tíì fẹ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo kúrò nílé ìwé. Tíṣà Attracta Lenihan ló lé mi jáde, ó ní ẹnu mi ò jẹ́ kí àwọn tó kù gbọ́ ìṣirò. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnìkan ò dákẹ́ gbọ́ mi rí, àfi ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn dé ọrùn mi. Wàyí o, ta ni ẹ rò pé ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ onírìn-àjò Sátidé? Tíṣà Attracta yìí kan náà ni. Ayé kéré.

Sátidé tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, a ń bọ̀ láti ilé ìṣọ́ kan tí ààrá ti bó lórí, òjò ń lu bọ́ọ̀sì bí ẹni ń ta ìlẹ̀kùn nípàá, ni mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí n lè ráyè fi bàtà mi hàn wọ́n. Gìgísẹ̀ bàtà òjò mi ti òsì ti já, ó ku bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Mo fi ẹ̀rọ sẹ́nu. "Àkùràkúdà ló bù ú jẹ! Mo wà nínú òkun nítòsí Inishcarra, omi dé ọrùn mi. Ó bu gìgísẹ̀ mi, mo gbá a létí, ó tọrọ àforíjì."

Malachy Tuohy pariwo láti ẹ̀yìn. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ lẹ́tà pípín, kò sì sí ilé tí kò mọ ajá wọn. Ó ní, "Ajá Bridie Mannion ló jẹ bàtà yẹn! Ojú mi ló ṣe. Ajá ọ̀hún ò sì ju ológbò lọ!"

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí dé egungun. Ẹni tí inú ń bí kì í mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ ń gbé e lọ.

Mo ní, "Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ó dáa. Ẹja mímọ́ inú kànga Ciarnait mọ̀ mí. Bí mo bá súfèé báyìí, á jáde wá kí mi."

Ẹ̀rín dá wáí.

Kò sọ́mọ tí wọ́n bí ní Kiltarsna tí kò mọ̀ nípa ẹja yẹn. Sójà kan ló mú un láyé àtijọ́, ó gbé e ka orí irin, ó fẹ́ yan án jẹ. Ẹja fò sókè nínú iná, ó padà sínú kànga, àpá irin gbígbóná náà sì wà lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá fojú rí i, ohun tó bá tọrọ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyá tó bí ìyá Baibín Hession, arúgbó tó ń tọ́jú kànga náà, ló rí i kẹ́yìn. Ó tọrọ ọjọ́ kan tí òjò ò ní rọ̀, kóun lè ṣègbéyàwó. Ó rí i gbà. Ọjọ́ kan náà ni, a ò tíì rí òmíràn.

Tíṣà Attracta dìde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje ni mo ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Jarlath Quilty."

"Ẹ̀yin, Tíṣà."

"Gbogbo irọ́ tí o ti pa láti oṣù Karùn-ún, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Ìwé mi ti kún. Sátidé tó ń bọ̀, kànga Ciarnait la ó dé kẹ́yìn. Bí ẹja bá jáde, ẹ̀rọ yẹn di tìrẹ títí tí wọn ó fi sin ín mọ́ ọ. Bí kò bá jáde, o ó bọ́ ọ lọ́rùn níbẹ̀, Malachy ni yóò gbé e kọ́."

Bọ́ọ̀sì ń kérora. Malachy ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, bí Malachy bá sọ ìtàn, inú ìwé ló ti ń kà á, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ọdún tó jó, ọdún tí wọ́n tún un kọ́. Ó sọ ọ̀kan rí ní ahoro Abbeyreagh, àgùntàn mọ́kànlá sùn lórí ìdúró.

Mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní Sátidé, bí ojú ṣe ń mọ́, mo ti wà nídìí adágún Cathal, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń sin ẹja. Ẹja Cathal kì í ṣe ẹja lásán: kó tó da oúnjẹ sí wọn, ó máa ń súfèé, wọn á sì yọjú bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo oúnjẹ.

Mo ní kó fún mi ní ẹja kan. Cathal ní, "Ṣé wàá sè é ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ́."

"Ìwọ kọ́kọ́ di èèyàn ná," ló wí, ṣùgbọ́n ó mú un sínú korobá fún mi.

Kànga Ciarnait, ẹni mímọ́ tí kànga náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà nínú kòtò kan lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, àkísà tí àwọn aláìsàn fi ń tọrọ ìwòsàn so mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí aṣọ lórí okùn. Ọ̀nà roboto yí i ká, kìkì ẹrẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin ibẹ̀. Ìgbà méje lèèyàn ń yí i ká, á máa tẹ̀lé oòrùn, kànga á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, á máa ju òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó má baà ṣi iye rẹ̀ kà. Bí kànga bá wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń yí i ká, èpè ló ń ṣẹ́. Mo mọ àwọn tó ń purọ́ fún Fádà nínú àpótí ìjẹ́wọ́. Èmi alára wà lára wọn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹnìkan tó jẹ́ yí kànga sódì. Eré kọ́ lèyí.

Mo gbé korobá dé etí kànga, ó ku kí n fi àpá irin sí ẹja lára. Ọ̀dà tí a fi ń sàmì sí àgùntàn ni mo mú wá láti ilé, àwọ̀ búlúù nìkan ló sì kù nínú rẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ta ló máa wọ inú kànga lọ bi í irú iná tó jó o? Mo di ẹja mú, mo fa ìlà kìíní, mo fa ìkejì. Ìkẹta ló mú kí ara yún un. Ẹja yẹn fò lọ́wọ́ mi bí ọta ìbọn, ó balẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sì gbéra. Mo ti lépa ehoro rí, mo ti lépa ọlọ́pàá tó ń lépa mi, mi ò rí ohun tó yára tó ẹja yẹn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń fò, mo ń tẹ̀ lé e, a yí kànga ká lẹ́ẹ̀kan, a yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ó fúnra rẹ̀ bẹ́ sínú omi, ó wò mí láti ìsàlẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Mo fi koríko nu ọwọ́. Mo sáré lọ gbé bọ́ọ̀sì. Apá tí ẹja gbà lọ, mi ò rò ó wò rárá.

A kọ́kọ́ dé Carnamona. Malachy fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkúta ibojì àwọn òmìrán.

"Ó yá, alágbára, gbé e ká rí i."

"Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ gbé ju ife tíì lọ títí di ọdún Kérésì."

"Dókítà wo nìyẹn?"

"Ó ti kú."

"Ó ní láti ti kú," ni Malachy wí, "ẹ̀rín ló pa á. Jarlath, máa fi ẹ̀rọ yẹn ṣeré o. Mo ti ra báàtìrì tuntun tí màá fi sí i lálẹ́ òní."

Ní Abbeyreagh, a jókòó sórí ibojì àwọn mọ́ńkì, a mu tíì. Tíṣà Attracta fún mi ní ègé àkàrà òyìnbó tó tóbi ju tàwọn yòókù lọ, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún. Mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí a dé kànga Ciarnait, Baibín Hession ló dúró lẹ́nu géètì, ó na ọ̀pá dí ọ̀nà. Baibín ò ga ju àgbá bọ́tà lọ, ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù máa ń bọ́ fìlà fún un.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" Ó gbá ọ̀pá mọ́ géètì. "Wọ́n ti ṣe wá o! Ẹnìkan ti yí kànga sódì láàárọ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀mẹta! Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé nínú ẹrẹ̀. Lọ́la tí àwọn ọmọ wa máa gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ará Drumgarry! Ọdún mọ́kànlélógójì tí a ti ń dúró de ife yẹn, ọmọ ọmọ mi ló sì ń ṣọ́lé! Ta la ṣẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo ilẹ̀. Mo wo oòrùn. Mo rántí apá tí ẹja gbà. Ọwọ́ òsì mi ni kànga wà ní gbogbo ìgbà náà.

"Drumgarry ni!" ni Malachy ké. "Àwọn ni! Wọn ò lè gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n wá gbé èpè!"

"Ẹ jẹ́ ká lọ jó ilé wọn!" ni ìyá àgbàlagbà kan tó ń wá pẹ̀lú wa wí, ẹni tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti oṣù Karùn-ún.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ọlọ́gbọ́n á dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló yí sí ọ̀dọ̀ mi, nítorí Tíṣà Attracta ti fi agbòòrùn rẹ̀ tọ́ka sí kànga.

"Ká má ṣe gbàgbé ìdí tí a fi wá. Jarlath, súfèé."

Mo súfèé, mo sì rọra jẹ́ kí èérún búrẹ́dì bọ́ láti àpò mi. Omi mì. Orí kan yọ, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́, ìlà méjì ààbọ̀ sì hàn gbangba lára rẹ̀.

Bí ẹ bá rí i! Gbogbo wọn ló kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Malachy bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀. "Jarlath, ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí. Mo gba ti àkùràkúdà náà gbọ́." Baibín ń ka "Mo kí ọ Màríà" bí ẹni ń sá fún òjò. Tíṣà Attracta nìkan ló dúró. Ó wo ẹja, ó wò mí, ó sì mi orí díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Mo ti ṣèlérí. Ẹ̀rọ di tìrẹ."

Ká ní mo yípadà wọ bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ ni, ṣé ọ̀rọ̀ ì bá dé ibi tó dé? Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bó ṣe ń rí, kí èèyàn mẹ́rìnlá kúnlẹ̀ kí wọ́n gbójú sókè sí ọ. Mo fi ẹ̀rọ sẹ́nu.

"Ẹ tẹ́tí! Ẹja mímọ́ ń bá mi sọ̀rọ̀! Ó ní òun rí ẹni tó ṣẹ́ èpè! Ó ní ará Drumgarry ni! Ó ga, ojú rẹ̀ burú, irun imú rẹ̀ dé àyà!"

"Áà!" ni gbogbo wọn wí.

"Bi í pé bàtà wo ló wọ̀," ni Tíṣà Attracta wí. Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

"Bàtà òjò, Tíṣà!"

"Òótọ́ ló sọ." Ó fi ẹnu agbòòrùn kan ipa ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀. "Ẹ wá wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò níṣòro. Ẹsẹ̀ òsì, gìgísẹ̀ ti já, ó ku bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Jarlath, rán wa létí. Àkùràkúdà tí o gbá létí yẹn, ẹsẹ̀ wo ló jẹ?"

"Òsì, Tíṣà!" Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi dáhùn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dúró kó bi mí ní ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, mo fi pamọ́ sẹ́yìn ọ̀tún, mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹyẹ àkọ̀ létí odò.

"Gbé ẹsẹ̀ yẹn wá ká rí i," ni Malachy wí. Ó ti dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó ń dùn mí."

"Ó ṣì máa dùn ọ́!"

"Jarlath Quilty," Baibín ń sọ ọ́ bí ẹni ń sunkún, "ìwọ tí mo fún ní ẹyin ní gbogbo Ọjọ́ Àjíǹde? Ìwọ lo gégùn-ún fún ọmọ ọmọ mi?"

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Bí mo bá dákẹ́, mo di ọ̀dàlẹ̀ tó ta Kiltarsna fún Drumgarry, wọn á sì tẹ́ mi sábẹ́ òkúta Carnamona, lọ́tẹ̀ yìí èmi gan-an ni yóò wà nísàlẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ lọ. Mo wo ojú Baibín. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ẹja ni!" ni mo ké. "Mi ò ṣẹ́ èpè fẹ́nikẹ́ni! Ẹja Cathal ni, èmi ni mo kùn ún lọ́dà, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì lé e! Ẹja ló yan ọ̀nà, kì í ṣe èmi! Ẹja náà ò kọ́ kátíkísìmù!"

Malachy tẹ ara wo inú kànga. "Èwo ni iná tó ń jóni ní búlúù? Ó fi ọ̀dà àgùntàn kun ẹja! Mo sì kúnlẹ̀ fún un! Ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì mi!"

"Irọ́ á lọ fún ogún ọdún," ni Tíṣà Attracta wí, ó na ọwọ́, "ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Gbé ẹ̀rọ yẹn wá, Jarlath."

Ó yẹ kí n gbé e fún un. Mo fẹ́ gbé e fún un. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. Mo fò, mo di ẹnu géètì, àfi Baibín àti ọ̀pá rẹ̀.

"O ò jáde! Lẹ́ẹ̀mẹta lo yí i sódì, ẹ̀ẹ̀mẹfà lo máa fi tú u, ọ̀kan jẹ́ ti Ciarnait! Méje! Ọwọ́ ọ̀tún sí kànga! Ẹ lé e!"

Wọ́n lé mi. Áà, wọ́n lé mi! Malachy ló wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, ìyá tó fẹ́ jó Drumgarry tẹ̀ lé e pẹ̀lú fíláàsì, àwọn mọ́kànlá yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn, Tíṣà Attracta sì dúró láàrin, ó ń tọ́ wa sọ́nà pẹ̀lú agbòòrùn. "Tẹ̀lé oòrùn, Jarlath! Tẹ̀lé oòrùn!" Baibín ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú ife, ó ń kà. "Ení! Èjì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀!" Ní ìkẹrin, ẹrẹ̀ gbé bàtà òsì mi mì. Ní ìkarùn-ún, Malachy fi ọ̀pá kàn mí ní ìdí. Ní ìkẹfà, okùn ẹ̀rọ já lọ́rùn mi. Ní ìkeje, Baibín ju òkúta tó kẹ́yìn, ó ké "Ó pé! Ẹ ṣeun!", ó sì yí ọ̀pá kúrò lọ́nà.

Mo gba géètì kọjá bí afẹ́fẹ́. Mo fo odi mẹ́ta, mo fo odò, mo fo màlúù kan tó ń jẹun jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ṣe kíí, ohùn tó sì jáde láti inú rẹ̀ kì í ṣe ti Malachy, ti Tíṣà Attracta ni.

"Jarlath Quilty! Bàtà rẹ wà lọ́wọ́ mi! Padà wá síbí!"

Páríìṣì mẹ́ta ló gbọ́ ọ. Mi ò bojú wẹ̀yìn.